Ẹni Tó Sùn Lára Ògiri

Bí mo bá ti gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo máa ń rántí ọ̀sán tí màmá mi fi í fọ idẹ ìrántí lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Elétò wa ní Inísà. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́.

“Ṣé ìjàlọ wọ̀ ọ́ láṣọ ni?” ni wọ́n bi mí.

Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn lára idẹ náà: Ó sùn nínú Olúwa.

“Màmá, ta ni yóò jí i?”

Ọwọ́ wọn dúró. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi tó kú kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n fi idẹ náà rántí.

“Èmi ò ní sùn níbí o!”

“Má sùn, ọmọ mi. Máa sáré.”

Mo sáré dé ibi ọpọ́n ìrìbọmi, bàtà mi ń dún kò-kò-kà, wọn ò sì ní kí n rọra.