Ẹjọ́ Mẹ́fà Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ojú ń tì mí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi náà ni kí n sọ ọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe lọ́yà ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa níbí. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi, iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé wa débí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n kéde pé wọ́n ń wá adájọ́ tuntun. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń mú adájọ́ láàrin àwọn lọ́yà tó ń rojọ́ ní kọ́ọ̀tù. Mo ní ó kàn mí. Kí n tó gba fọ́ọ̀mù pàápàá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń kí mi ní "Alkali", ìyẹn adájọ́ lédè Hausa, orí mi sì ń wú.

Fọ́ọ̀mù ní kí n mú ìdájọ́ ẹjọ́ mẹ́fà tí mo fúnra mi rò wá. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ti ẹjọ́ rírò sọ́rùn Bímpé, lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, ọmọ àdúgbò Gwagwarwa tó máa ń gbọ́ Yorùbá tán kó tó fi Hausa dáhùn. Àṣà wa ni pé àgbà ló ń dìde sọ orúkọ rẹ̀ fún adájọ́, á wá fi kún un pé, "Lágbájá wà pẹ̀lú mi." Tí mo bá ti wí bẹ́ẹ̀ tán, mo jókòó nìyẹn. Bímpé ló ń da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí títí òógùn á fi bò wọ́n. Orúkọ tèmi ló sì ń wà lókè nínú ìwé ìdájọ́.

Mo ṣa mẹ́fà jọ nínú ẹjọ́ tí Bímpé rò, mo kó wọn fún un pé kó tẹ̀ wọ́n sínú fọ́ọ̀mù mi.

"Ọ̀gá, gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ba komai, sà." Ìyẹn ni pé kò sí wàhálà.

Nígbà tí wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n bi mí ní ohun tí ẹlẹ́rìí kan sọ nínú ọ̀kan nínú ẹjọ́ náà. Mo kálòlò. Wọn ò mú mi.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo ń wá fáìlì kan lórí tábìlì Bímpé ni mo bá rí i pé òun náà ti gba fọ́ọ̀mù nígbà yẹn. Ẹjọ́ méjì péré ló kọ, wọn ò sì ka tiẹ̀ sí rárá torí kò pé mẹ́fà.

"Bímpé, kí ló dé tí o ò kọ àwọn yòókù?"

"Ẹ ti kọ wọ́n, sà. Ṣé kí n wá pè yín ní òpùrọ́ ni?"

Háà! Ilẹ̀ ìbá lanu kí n kó sí i. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Lọ́dún yìí, àyè tún ṣí. Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń yan adájọ́, mo jẹ́wọ́ pé Bímpé ló ro ẹjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo fi hàn án kí n tó fi ránṣẹ́.

"Wọ́n máa bá yín wí o, sà."

"Kí wọ́n bá mi wí."

"Mi ò tíì sọ pé màá tún gba fọ́ọ̀mù o." Kò rẹ́rìn-ín. Mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sí kọ́ọ̀tù. Mo dìde gẹ́gẹ́ bí àgbà. Mo ní, "Olúwa mi, Bímpé Adéoyè ló ń ro ẹjọ́ yìí. Èmi wà pẹ̀lú rẹ̀."

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní bóyá mo ṣì í sọ ni, kí n tún un sọ.

Mo tún un sọ, mo sì jókòó. Bímpé dìde.