Bàtà Tó Pẹ́ Lọ́wọ́ Ṣúmẹ́kà

"Ọ̀la" ni ṣúmẹ́kà abẹ́ àtẹ̀gùn máa ń fi dá gbogbo oníbàárà lóhùn, kò sì yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n fi béèrè bàtà ìsáré rẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là. Ọdọọdún ló máa ń sá eré ọ̀nà jíjìn tí wọ́n fi ń wá owó fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Kí ọ̀la tó dé, àìsàn ọkàn kọlù ú lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ṣúmẹ́kà tó rán bàtà náà. Ó ní òun ni yóò sá eré ọdún yìí, nínú bàtà yẹn gan-an.

"Ìwọ tó ń mí hẹlẹ tí o bá gun àtẹ̀gùn?" ni aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú síra wí. "Kò tiẹ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ."

"Àǹtí, kò sí bàtà tí kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Ó fi omi rin ín, ó ki ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń fẹ bàtà bọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, bó ti ń ṣe fún bàtà aláwọ. Àmọ́ awọ ló máa ń rọ̀. Rọ́bà kì í rọ̀. Ó ṣì fún un. Ó ní yóò fẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. "Ọ̀kan ti lọ. Ṣé o fẹ́ sáré lé e bá ni?"

"Màmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi bẹ̀ mí."

Ní ọjọ́ eré náà, ìyá bá a lọ, ó sì jókòó dè é ní òpin ọ̀nà.

Ní ìdajì ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ti rin ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú àwọn tó ń sáré fà á jókòó.

"Bọ̀dá, ẹ bọ́ bàtà yìí."

"Tí mo bá bọ́ ọ, kí ni mo wá ṣe?"

"Ṣé ẹsẹ̀ mìíràn wà nílé ni?"

Ṣúmẹ́kà gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Òun tó ti ń tún bàtà ṣe láti ogún ọdún sẹ́yìn gé imú bàtà méjèèjì dànù. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ó dìde, ó ń tiro lọ.

Wọ́n ti ń ká àga nígbà tó dé òpin. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣì jókòó.

"Ta ló gé bàtà ọmọ mi?"

"Èmi ni, Màmi."

Ìyá dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á jókòó. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọ̀nà, ó ń wò ó, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.