Bọ́tìnì Tó Ń Jẹ́ Pẹ̀lẹ́

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Bàbá Onímáìkì fi ń tún ohùn ṣe fún olórin, kò sì sí ọ̀kan tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Tí orin bá dùn, akọrin ló mọ̀ ọ́n kọ. Tí ẹ̀rọ bá hu, òun ni wọ́n ń wò bí ẹni wo olè.

Gbogbo wọn ló máa ń nàka sókè pé kó fi kún ohùn ẹ̀rọ iwájú ẹsẹ̀ àwọn, èyí tí akọrin fi ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọrin wá jẹ́ kìkì dígí àti táìlì tó ń dá ohùn padà. Téèyàn bá fi kún un, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í hu nìyẹn. Ló bá wá bọ́tìnì kan tí kò so mọ́ nǹkan kan, ó sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́. Tí wọ́n bá nàka, á yí i.

"Ẹn-ẹ́n! Mo ti wá ń gbọ́ ohùn mi," lakọrin á wí.

Òpònú ni gbogbo wọn!

Lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin kọ́kọ́ gorí ìtàgé, òun náà nàka. Bàbá yí Pẹ̀lẹ́. Àbúrò tún nàka, Bàbá tún yí i. Àṣé wáyà ẹ̀rọ iwájú ẹsẹ̀ àbúrò ti já. Ohùn tó ń ta lára dígí padà ló ń tẹ̀ lé, orin rẹ̀ wá ń tiro lẹ́yìn ìlù. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Àbúrò sọ̀ kalẹ̀ wá bá a tomijé tomijé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Mo rí i bí ẹ ṣe ń yí i fún mi. Etí mi ni ò dáa."

Bàbá ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì náà.

"Pẹ̀lẹ́," ló rí sọ.