Àwọ̀ Ewé Tó Wà Lórí Ilé Wa

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá kánààlì, nígbà tí olùkọ́ yunifásítì kan wá ẹni tí yóò máa bá a wo tẹmómítà tó fi ń wọn ooru. Ó gbé ọ̀kan sórí kọnkéré tí tírélà ń páàkì sí ní Malu Road, ọ̀kan sábẹ́ igi ní Olodi-Apapa, ọ̀kan sí etí irà lẹ́yìn ilé wa. Lọ́sàn-án, mo ń yí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, mo ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé. Ti kọnkéré ló máa ń gbóná jù. Olùkọ́ náà ní irà a máa mu omi, a sì máa tú u sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àdúgbò tutù. Kọnkéré kì í mu nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi ìyẹn ṣírò ibi tí ooru àti omi òjò yóò gbà.

Lọ́jọ́ kan ó fi máàpù inú kọ̀ǹpútà náà hàn mí. Àwọ̀ ewé ló wà lórí ilé wa, ìyẹn ni pé irà ni. Ó ní bí òjò ńlá bá rọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò mu ún.

Kò sí irà mọ́. Lẹ́yìn tí olùkọ́ náà gbé tẹmómítà síbẹ̀, onílé wa da yanrìn sí i, ó da kọnkéré lé e, ó ku bèbè tẹ́ẹ́rẹ́ tí tẹmómítà wà. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ru yanrìn yẹn. Mo kàn ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé mi lọ. Ta ni mí tí n ó fi sọ fún ọ̀mọ̀wé pé máàpù rẹ̀ kò tọ̀nà? Ẹ̀rù onílé náà sì ń bà mí.

Nígbà tí òjò fi odindi ọjọ́ kan rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ará ìjọ rẹ̀ kan. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

"Dókítà ooru, kí ni kọ̀ǹpútà yín wí? Ṣé kí n lọ ni àbí kí n jókòó?"

Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Síbẹ̀, mo rò pé kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tí èmi ò mọ̀.

"Ẹ jókòó, àǹtí mi. Wọ́n ní omi ò ní dé ọ̀dọ̀ wa."

Ó tú ẹrù rẹ̀. Mo lọ wo tẹmómítà Malu Road. Nígbà tí mo fi padà dé, omi ti mù mí dé àyà lójú títì wa. Mo di irin fèrèsé aládùúgbò kan mú títí ọwọ́ mi fi bó, mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú kánààlì.

Olùkọ́ náà wá bá mi kẹ́dùn. Ó gba ìwé mi, ó sì béèrè bóyá ohun kan wà tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀ ibẹ̀.

"Rárá, sà," ni mo wí.