Àńdì Tí Bàámi Fi Sílẹ̀

Àńdì ni bàámi kọ́kọ́ máa ń kọ. Àmì & yìí ni mò ń wí, èyí tó máa ń wà láàárín orúkọ méjì lára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Àátíìsì tó ń kọ pátákó ni wọ́n, ní Igbó-Elérin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, tí àyè bá wá fẹ́ tán lápá ọ̀tún, wọn á máa fún lẹ́tà pọ̀. Bàámi á wọn àárín pátákó, wọn á fi búrọ́ọ̀ṣì fa àńdì síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láì gbé ọwọ́ sókè, kí wọ́n tó kọ orúkọ sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀.

Tíṣà mi kan fi bírò pupa fagi lé àńdì nínú àròkọ mi, ó ní kí n kọ "àti" síbẹ̀. Mo délé, mo fẹjọ́ sùn. Bàámi rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà ẹ ò parọ́. Inú ìwé, kọ àti. Ara pátákó, àńdì la fi ń so èèyàn pọ̀."

Wọ́n ní èèwọ̀ kan. Àńdì ò gbọdọ̀ sùn láìní ẹnì kankan lápá ọ̀tún. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí wọn ò tíì kun orúkọ kejì, wọn á fi pẹ́ńsù kọ ọ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àyè tó bá ṣófo mọ́jú, ẹni tí a ò pè ló máa ń wá jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bà mí ní kékeré. Nígbà tí mo dàgbà, mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n báńà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ gba oníbàárà lọ́wọ́ wa, ni mo bá gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Okokomaiko. Lọ́jọ́ tí mo lọ sọ fún wọn, pátákó ṣọ́ọ̀bù tiwa gan-an ló wà níwájú wọn: orúkọ wọn, àńdì pupa, àyè. Wọ́n ní èmi ni kí n fọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí i.

"Bàámi, mo ti ń lọ," ni mo wí. "Ẹ wò ó, lórí kọ̀ǹpútà, téèyàn bá ti tẹ Ṣífíìtì pẹ̀lú séfùn, àńdì ti jáde."

"Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà," ni wọ́n dá mi lóhùn, "kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Ta ló ń wá àkísà?"

Ọ̀rọ̀ rírùn gbáà ni, mo sì mọ̀ ọ́n bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Ọdún méjì ni mi ò fi yà lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ni. Agídí ni, kì í ṣe iṣẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni màámi pè mí lórí fóònù pé bàámi ṣubú sínú ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti màámi lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Pátákó wa ṣì wà níbẹ̀. Apá òsì funfun, ṣùgbọ́n apá tèmi ti di àwọ̀ eérú, ọ̀dà ibẹ̀ ti ń họ. Mo bi màámi ta ló bà á jẹ́.

"Bàbá ẹ ni. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹ síbẹ̀. Tó bá di àárọ̀, wọ́n á fi kílínà pa á rẹ́. Mo ní ṣé kì í sú wọn ni? Wọ́n ní o lè yà lónìí, pé ìwọ lo máa kọ ọ́."

Àárọ̀ ni wọ́n kú. Wọ́n ti pa orúkọ mi rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni àńdì yẹn ti ń dá sùn.

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo tún gbé e sílẹ̀. Pẹ́ńsù bàámi ni mo mú. Mo kọ orúkọ mi fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́, a sì ti ilẹ̀kùn.

Ní báyìí, àràárọ̀ ni mo máa ń yà síbẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Màá ṣílẹ̀kùn, màá wò ó. Orúkọ mi wà níbẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó pa á rẹ́.