Oríkì Ìjọba Ìbílẹ̀ Tí Wọ́n Pa Rẹ́

Mi ò dé Norway rí. Òtútù Manchester yìí gan-an, ṣe ni mo ṣì ń bá a jìjàkadì. Síbẹ̀ mo mọ ìtàn ìjọba ìbílẹ̀ kékeré kan níbẹ̀ ju bí mo ṣe mọ ti àdúgbò bàbá mi lọ, nítorí ìyá arúgbó ọmọ ibẹ̀ tí mò ń tọ́jú ní Stockport kò ní ìtàn mìíràn lẹ́nu. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ni kí n máa pè é. Ẹnu mi ò gbà á. Ẹni tó ju ìyá mi lọ, kí n wá máa la orúkọ mọ́ ọn lórí bí ẹgbẹ́ mi? Mama ni mò ń pè é, òun náà sì ń dáhùn.

Ọmọ Openshaw ní Manchester ni ọkọ rẹ̀ tó mú un wá síbí, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ṣe títí ó fi kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń wá kí i ní ọjọ́ Sunday, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, ìtàn náà sì ti sú u. Èmi ni Mama wá ń sọ ọ́ fún ní Gẹ̀ẹ́sì, bí mo bá ń wẹ̀ fún un láàárọ̀.

Ó ní àfonífojì kan ni, òkè lápá kan, omi lápá kejì. Àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n ń sin àgùntàn, wọ́n ń gbin ọ̀dùnkún, wọ́n ń gé gẹdú. Láyé bàbá bàbá rẹ̀, abẹ́ ìlú ńlá ẹ̀yìn òkè ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n bí yìnyín bá ti dí ọ̀nà, òkú wọn á wà nílẹ̀ títí kí wọ́n tó rí i gbé kọjá òkè lọ sin. Wọ́n bẹ ìjọba títí ó fi fún wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Wọ́n fi igi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ ilé ìwé. Bàbá Mama ni alága tó jẹ kẹ́yìn.

Ibi tó dé alága ni mo ti bi í pé mọ́tò mélòó ló ń tẹ̀ lé bàbá wọn, ṣé ọlọ́pàá sì ń fi sáírénì lé ènìyàn kúrò lọ́nà níwájú wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní bàbá òun á fún wàrà màlúù tán kó tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé ní ilé ìwé, bó bá sì débẹ̀, òun náà ni yóò kó igi sí ààrò kí yàrá lè móoru. Alága tó ń dáná! Mo ní kó tún un sọ.

Nígbà tí Mama di ọ̀dọ́, àwọn aláṣẹ ní olú-ìlú wọn ní irú ìjọba kéékèèké bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n dá wọn padà sábẹ́ ìlú ẹ̀yìn òkè. Àwọn ará àfonífojì ní àwọn kò fẹ́, ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ ìpàdé ìkẹyìn, bàbá rẹ̀ pa iná ààrò, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́. Inú bí mi bí ẹni pé èmi ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbá ni mí. Àwọn ìlú tó sá àsálà wá sábẹ́ Olúmọ gbé orúkọ wọn dání wá, títí dòní la fi ń pe àdúgbò wa bẹ́ẹ̀. Mo bi Mama pé kí ló dé tí wọn ò jà.

“Ta la fẹ́ bá jà?” ló wí. “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi gbà á.”

Nígbà òtútù tó kọjá, ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìtàn náà. Àwọn àgùntàn ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè dá a padà. Mo gbé e síwájú Ọlọ́run ní ìpàdé àdúrà wa, gbogbo wa kígbe lé e, kò yí padà. Ẹ̀rù bà mí. Bí ìtàn náà bá tán lẹ́nu rẹ̀, ibo ló tún kù tí ìlú yẹn wà?

Ni mo bá rántí ìyá àgbà mi. Bí ọkàn àgbàlagbà kan bá ń ṣáko, oríkì rẹ̀ ni wọ́n máa ń kì fún un. Mo fi ohun tí Mama ti sọ hun tirẹ̀, mo sì kì í bí mo ṣe ń ya irun rẹ̀:

“Ọmọ àfonífojì tí òkè ṣọgbà fún,
ọmọ alága tó fún wàrà kó tó ṣèlú,
ọmọ a-dáná-kí-ìlú-ó-yáná.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbórí sókè. Ó ní mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Mo fi kún un. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mò ń kì í, mo sì ń ṣe fọ́ńté kiri ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ti rí ọ̀nà àbáyọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kì í dé orí kọ́kọ́rọ́, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Mama di ọwọ́ mi mú, ó ń fetí sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń pàlọ́ fún.

“Ìlú tó dára ni,” ó wí. “Ṣé ìlú tìẹ nìyẹn?”

Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tí mo lè wò lójú. Mo gbé kóòmù sílẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mama,” mo ní. “Ìlú mi ni.”

Ó ní bí mo bá padà síbẹ̀, kí n bá òun kí wọn.