Bí Ẹnubodè Bá Ṣí

Búrẹ́dì tí mo rà ní Ìlaròó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, kò sì ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ṣílè kan ni wọ́n ń ta èyí tó gùn bí apá mi, a sì tún ń ṣàròyé pé ó wọ́n. Mọ́tò láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ kò tó náírà méjì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Ní oṣù tó kọjá, mo bi ọlọ́kadà kan léèrè iye rẹ̀. Bó ṣe dárúkọ ẹgbẹ̀rún, mo ní kó má wulẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Mi ò lè búra pé ayé ìgbà yẹn dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orúnkún kò dùn mí nígbà náà.

Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ yẹn ló mú mi rántí ìwé kan tí mo kọ fún tọkọtaya kan, nígbà tí ìjọba ológun ti bọ́dà pa.

Káfíńtà ni ọkọ, ọ̀rẹ́ mi ni, ilé bàbá rẹ̀ ní Ayétòrò ni mo sì ti háyà yàrá. Aránṣọ ni ìyàwó, ọmọ Kétu lápá ọ̀hún bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Faransé nílé ìwé. Kí sójà tó dé ojú ọ̀nà, bó bá kúrò nílé láàárọ̀, á ti bá ìyá rẹ̀ jẹun ọ̀sán. Ìgbéyàwó wọn ti dàrú. Àwọn àgbà ti parí ìjà wọn títí ó fi sú wọn. Ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, ló wà láàárín wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ní kí wọ́n má tún wá pariwo lójú òun mọ́. Ó ní kí wọ́n lọ fẹnu kò lórí ọmọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí òun lè fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹjọ́ ku ọ̀la.

Nítorí pé èmi nìkan ni mo lọ sí yunifásítì nínú ilé náà, èmi ni wọ́n fi bíró lé lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ìtàn ni mo kọ́. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa àwọn ọba tó ti kú, bí mo bá sì ṣì í kọ, wọn kì í jí dìde wá bá mi jà. Ṣùgbọ́n ọmọ alààyè ló wà nínú eléyìí. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan síbi tí kò yẹ, ó lè má rí ìyá rẹ̀ mọ́.

A jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà: èmi, ọkọ, ìyàwó, àti ẹ̀gbọ́n ọkọ lóbìnrin, ẹni tó tọ́ ọkọ dàgbà. A ti rán ọmọ lọ sílé kejì kó má baà gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá rọrùn. Ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ bàbá nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Ìyá ọmọ yóò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ padà lọ sílé wọn ní Kétu. Nígbà tí a dé orí ìsinmi, èyí tí ìyá ọmọ ń pè ní kóńjé, ọkọ ní, “Tíṣà, fi í síbẹ̀ pé bí bọ́dà bá ṣí.”

Mo kọ ọ́, mo sì kà á sókè: *Bí ẹnubodè bá ṣí, ọmọ yóò máa lo ìsinmi rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kétu.*

Ìyàwó gbójú sókè. “Bí kẹ̀? Tíṣà, ẹ kọ ‘nígbà tí’.”

“Kí ni ìyàtọ̀ níbẹ̀?” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí.

“Màmá, bí mo bá ní ‘bí mo bá se oúnjẹ, màá pè yín’, ṣé ẹ máa jókòó dè mí?”

“Èmi tí mo mọ̀ ọ́? Màá ti lọ jẹ tèmi.”

“Ẹ ò rí i? Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ‘nígbà tí mo bá sè é tán’, ẹ mọ̀ pé iná ti wà lábẹ́ ìkòkò.”

Mo fa igi lé ‘bí’, mo kọ ‘nígbà tí’. Ni ọkọ bá dìde.

“Tíṣà, ṣé ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ bọ́dà wà? Ta ló sọ fún ọ pé ó máa ṣí?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀. “Gbogbo ìwé tí o kà yìí, wọn ò kọ́ ọ ní ‘bí’ àti ‘nígbà tí’?”

“Wọ́n kọ́ mi, mà. Wọn ò sọ fún mi pé ọmọ máa wà nínú rẹ̀ ni.”

Ọkọ padà jókòó. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá rí ọ̀nà mú un kọjá, tí àwọn sójà wá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà wọlé ńkọ́? Ibo ni màá dúró sí pè é? Kò ní pẹ́ tí á fi máa sọ Faransé, á gbàgbé ohùn mi.”

“Bí bọ́dà ò bá ṣí títí ó fi dàgbà ńkọ́?” ni ìyàwó wí. “Ṣé ohùn tèmi ò ṣeé gbàgbé ni?”

Mo ní àwọn kan ṣáà ń gba inú igbó kọjá.

“Ọmọ tèmi kọ́ ló máa gba inú igbó bí àpò ìrẹsì,” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí.

Mo gbìyànjú gbólóhùn mìíràn, mo ya ìwé, mo tún gbé òmíràn. Bí mo ṣe yí i tó, bọ́dà ló ń jáde nínú rẹ̀. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Bí a ò bá rí nǹkan kan gbé wá, adájọ́ ti sọ pé òun á fi ọmọ fún bàbá pátápátá, òun á sì pa fáìlì dé.

Ìyàwó ti ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u. Ó ní, “Ẹ yọ ẹnubodè yẹn kúrò. Ẹ kọ ọ́ pé ìyá ọmọ ń gbé ní Ìmẹ̀kọ. Àbúrò bàbá mi ní yàrá kan níbẹ̀. Ará Kétu náà ni wọ́n, apá ibí ni wọ́n sì wà.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ bi í. “Arúgbó tó ń retí rẹ lọ́hùn-ún?”

Ìyàwó tú etí ìró rẹ̀ sílẹ̀. “Ìyá mi bí ẹni mẹ́rin, Màmá. Ọmọ yìí, èmi nìkan ni ìyá rẹ̀.”

Ọkọ nu ojú rẹ̀. “Tíṣà, kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni màá máa mú un lọ sí Ìmẹ̀kọ, èmi náà ni màá máa lọ mú un wálé.”

“Kí ẹ má sì máa pẹ́ dé,” ni ìyàwó wí.

“Ìgbà wo ni mo pẹ́ rí?”

“Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ńkọ́?”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mo da ìwé náà kọ sórí tákàdá tuntun, mo ń wá ‘bí’ nínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, adájọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bojú wo ìyàwó láti òkè awò ojú rẹ̀: “Ìmẹ̀kọ yìí, ṣé ó dá ọ lójú?” Ó ní ó dá òun lójú. Ni adájọ́ bá fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà.

Adájọ́ ti kú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ti kú, ó dàgbà, ó darúgbó. Ìyá ìyàwó ní Kétu kú kí bọ́dà tó ṣí, wọ́n ti sin ín kí ìròyìn tó dé Ìmẹ̀kọ. Ọ̀rẹ́ mi káfíńtà náà ti lọ, lẹ́yìn tó ti mú ọmọ lọ tó sì mú un bọ̀ ní gbogbo ìsinmi, títí ọmọ fi lè dá wọ mọ́tò. Ó ku aránṣọ, ó ṣì wà ní Ìmẹ̀kọ, kò padà sí Kétu mọ́, kò sì lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ku ọmọ náà, òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ. Ó ku èmi.